Afẹ́fẹ́ Tó Ṣẹ́kù

"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn!" Mufleh kígbe láti abẹ́ tírélà. "Ẹ pa á, etí ni mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́!"

Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Mufleh fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí páálí, òtútù ilẹ̀ ń gba inú páálí náà wọ̀ ọ́ léegun. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo omi ọṣẹ, ó ń fi kun ara àwọn róbà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí ìdí táyà. Ibi tí róbà bá ti lu, ibẹ̀ ni ọṣẹ á ti máa hó. Ó ń tọ róbà lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọdé. Ọwọ́ rẹ̀ dé ìdí táyà ẹ̀yìn pátápátá, ó sì kan wáyà.

Ẹnì kan ti ká róbà náà po, ó ti fi wáyà dè é lọ́rùn pinpin. Mufleh nawọ́ sí òdìkejì. Wáyà tún ni.

"Shtewi!" ó pe dírẹ́bà ọkọ̀ náà. "Bẹ̀rẹ̀ síbí, kí o wá wo nǹkan."

Shtewi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ibi tí ọwọ́ ń tọ́ka sí. "Mo ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"O mọ̀? Ta ló dè é?"

"Èmi ni. Ó ń jò lójú ọ̀nà, gèéjì afẹ́fẹ́ ń lọ sílẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n jókòó sínú aṣálẹ̀ kí n máa bá àkekèé ṣeré?"

"O sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ òkè Naqab báyìí?"

"Ọjọ́ ti pẹ́. Àwọn táyà tó kù ń mú un. Àbí òkú lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Àna ni wọ́n jẹ́ síra wọn. Shtewi ló fẹ́ Fidda, àbúrò Mufleh, ọmọ tí Mufleh fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Ará ìlú Ma'an ni gbogbo wọn, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ á lọ ru fọ́sífeeti, òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, níbi ìwakùsà, wọ́n á gbé e gun òkè Naqab, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté Aqaba. Gbogbo wọn ló mọ ìsọ̀kalẹ̀ yẹn. Ọ̀nà á dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ẹrù á máa ti ọkọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí inú ń bí, kò sì sí ohun tó dúró láàárín dírẹ́bà àti ọ̀run àfi bíréèkì.

Afẹ́fẹ́ ló ń di irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ mú. Bí róbà kan bá ń jò, táńkì á fẹ́ gbẹ, nítorí náà, dírẹ́bà tó ń kánjú á ká róbà ọ̀hún, á dè é, kí afẹ́fẹ́ lè ṣẹ́ kù fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n táyà tí wọ́n bá ti dè báyẹn ti di aláìgbọràn. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì títí dọ̀la, kò ní gbọ́. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò sì gọ̀. Wọ́n fi sípíríngì líle sí ìdí táyà, pé bí afẹ́fẹ́ bá tán pátápátá, kí sípíríngì náà fúnra rẹ̀ gbá táyà mú, kí ọkọ̀ dúró gbagidi bí àpáta.

Mufleh jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń gbọn eruku kúrò lórí orúnkún. Bàbá Rakan tó ni àwọn ọkọ̀ ti jáde láti inú ọ́fíìsì, ó fi ìborùn pupa òun funfun rẹ̀ wé etí méjèèjì, ife tíì ń rú èéfín lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mufleh, ọkọ̀ yìí ò tíì jáde? Ọkọ̀ ojú omi ń dúró ní Aqaba, ẹ̀ ń sùn lábẹ́ tírélà níbí."

"Kò lè jáde, Bàbá Rakan. Táyà ẹ̀yìn ò ní bíréèkì rárá. Róbà tó lọ sí àárín náà ti fara ha irin títí òwú inú rẹ̀ fi yọ síta. Ẹ fún mi ní róbà tuntun, kó tó di ìrọ̀lẹ́ mo ti ṣe é tán."

"Róbà ń bọ̀ láti Amman."

"Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ká ólífì ló ti ń bọ̀. Àbí ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni?"

Àwọn tó dúró nítòsí rẹ́rìn-ín. Bàbá Rakan kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Shtewi. "Ìwọ ńkọ́? Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ̀rọ̀, kí n gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọkùnrin."

"Ẹ̀rù kẹ̀?" Shtewi ti fẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀. "Ẹ bi gbogbo ọ̀nà Naqab léèrè bóyá wọ́n mọ̀ mí."

"Shtewi, sọ̀ kalẹ̀," ni Mufleh wí. "Mo fi Fidda bẹ̀ ọ́."

Ohun tí kò yẹ kó sọ ló sọ yẹn. Wọn kì í dárúkọ ìyàwó ẹni láàárín àwùjọ ọkùnrin ní Ma'an. Ojú Shtewi pọ́n, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kó ilé mi wá sí gáréèjì. Ẹ kúrò níwájú ọkọ̀."

Mufleh yọ ọ̀bẹ tó fi ń gé róbà, ó lọ sí àárín orí ọkọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí róbà ńlá tó ń fún tírélà ní afẹ́fẹ́ ti so rọ̀, ó sì gé e. Afẹ́fẹ́ bú jáde pẹ̀lú ariwo tó mú kí àwọn ẹyẹlé orí òrùlé fò lọ. Eruku bo gbogbo wọn lójú. Lábẹ́ tírélà, àwọn sípíríngì gbá táyà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, gbà, gbà, gbà.

"Ẹ máa wà á lọ," ni Mufleh wí.

Lẹ́yìn náà, Bàbá Rakan da tíì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kó irinṣẹ́ rẹ," ó wí pẹ̀lẹ́. "Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ọ nínú ọgbà yìí mọ́."

Ìyẹn kò dun Mufleh tó ọ̀rọ̀ tí àna rẹ̀ sọ nígbà tó ń kó irinṣẹ́ jáde. Shtewi jókòó lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ tí kò lè lọ mọ́, kò gbójú sókè. "Ẹ rò pé róbà lẹ gé," ó wí. "Èmi lẹ gé, lójú gbogbo ayé."

Fidda wá sílé Mufleh lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

"Mo dá ọkọ rẹ dúró sáyé ni."

"Ẹ dójú tì í! Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kì í ṣe òun ló ń wa ọkọ̀, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló ń wà á. Kò jẹun láti àná. Ó ní ẹsẹ̀ yín ò gbọdọ̀ wọ ilé òun mọ́."

"Fidda, o ò mọ bí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ṣe rí."

"Mo mọ bí ilé mi ṣe rí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun kù sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. "Àti pé wọ́n ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Bàbá Rakan ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, láìsí ọ̀bẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Mufleh fi tu ara rẹ̀ nínú lẹ́yìn tó lọ. Bí wọ́n bá ti ra róbà tuntun, à bùṣe bùṣe. Iṣẹ́ bọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà. Ó ní lọ́kàn láti pe Shtewi, kó kàn bi í pé irú róbà wo ni wọ́n fi sí i. Ó gbé fóònù, ó gbé e sílẹ̀. Shtewi ni àbúrò, Shtewi ló yẹ kó kọ́kọ́ pè. Shtewi náà kò pè. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá báyẹn, ìgbéraga jókòó sáàárín ọkùnrin méjì bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun.

Ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà ló pè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìrì dídì bo orí òkè. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni kú. Ó kàn ní, "Mufleh, ẹ bọ́ sí Naqab. Ọkọ̀ àna yín ni."

Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti gbé òkú Shtewi lọ. Lẹ́búlẹ́bú funfun fọ́sífeeti ti bo ọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀, èèyàn á ṣèèṣì pè é ní ìrì dídì. Ọkọ̀ náà ti yà kúrò lójú ọ̀nà ní ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀ sí ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń yẹ ọkọ̀ wò, ó ti fi orí sọ ògiri òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti gun orí rẹ̀. Mufleh kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó fàyà fà wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ọlọ́pàá tó lè dá a dúró, ó sì ń fọwọ́ wá róbà kiri láàárín irin tó ṣì ń gbóná.

Ó rí róbà tó gé. Wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ki bóòtì bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n fi wáyà dè é, débi pé tírélà náà kò ní bíréèkì kankan mọ́; orí ọkọ̀ nìkan ló ń di gbogbo ẹrù náà mú. Nígbà tí bíréèkì orí ọkọ̀ gbóná, wáyà tú, bóòtì fò yọ, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú táńkì sì ń bá ibẹ̀ jáde. Ó yẹ kí àwọn sípíríngì gbá táyà mú nígbà yẹn. Ó nawọ́ sí ìdí táyà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà sí èkejì. Ní ìdí gbogbo wọn pátá, ẹnì kan ti fi bóòtì gígùn yí sípíríngì sẹ́yìn, ó ti dì í pa, kí ọkọ̀ má bàa dúró fún ohunkóhun.

"Bàbá, ẹ jáde," ni ọlọ́pàá ń wí, ó ń fà á lẹ́sẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

Wọ́n gba ọ̀fọ̀ nílé Alájì Freih, bàbá Shtewi, ọkùnrin arúgbó tó ti fi ojú kan sílẹ̀ fún ìfọ́jú. Wọ́n na àgọ́ síta, wọ́n to àga, wọ́n ń gbé kọfí kíkorò àti èso dábínù káàkiri. Mufleh jókòó sí ìkángun. Kò sẹ́ni tó lé e, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Fidda wà ní yàrá inú pẹ̀lú àwọn obìnrin. Nígbà tó lọ kí i ní ẹnu ilẹ̀kùn, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún un láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé: "Wọ́n ní ohun tí ẹ gé ni wọ́n dè."

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọ̀fọ̀, Bàbá Rakan dé pẹ̀lú àwọn àgbà ìlú nínú ẹ̀wù àwọ̀lékè dúdú. Kí wọ́n tó wọlé, ó fa Mufleh sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìbínú ni tọjọ́ yẹn," ó wí lábẹ́lẹ̀. "Iṣẹ́ rẹ wà ńlẹ̀, bí o ti fi í sílẹ̀. Èmi àti ìwọ ò ní fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́. Ọ̀bẹ rẹ wà nínú ẹ̀."

Wọ́n jókòó. Wọ́n bu kọfí fún agbẹnusọ wọn, ó gbé ife sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò mu ún. Gbogbo àgọ́ dákẹ́, nítorí pé àlejò tó bá gbé kọfí sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló gbé wá. Bí onílé bá ní kó mu ún, ẹ̀bẹ̀ ti gbà nìyẹn.

"Alájì Freih," ni agbẹnusọ wí, "Ọlọ́hun ló fún ni, òun náà ló ń gbà. A wá bẹ yín pé kí ẹ gbà á bíi kádàrá, kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dé iwájú adájọ́. Àti pé, kí ọ̀rọ̀ má farasin, ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kan ọkọ̀ yẹn kì í ṣe àjèjì. Àna yín ni, ó jókòó síbẹ̀ yẹn."

Gbogbo ojú yí sí Mufleh.

Arúgbó náà gbé ojú kan tó ń ríran sí i. "Mufleh, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, bàbá."

"O gé e?"

"Mo gé e, kí ọkọ̀ má bàa lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá jáde, ọkọ̀ á dúró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó sì dúró. Ẹ bi wọ́n, ó dúró." Ó dìde lórí àga. "Mo dé abẹ́ ọkọ̀ náà ní Naqab. Wọ́n di ibi tí mo gé pa. Wọ́n fi bóòtì yí gbogbo sípíríngì sẹ́yìn, kó lè rìn. Ọkọ̀ tó ń fẹ́ dúró, wọ́n já a ní ẹsẹ̀ tó fi ń dúró, wọ́n wá gbé ọmọ yín sórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ka ọ̀bẹ mi mọ́ ọn, ẹ kà á mọ́ ọn. Èmi náà á dúró níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi Bàbá Rakan, ta ló yí bóòtì, ta ló sì ní kó yí i?"

"Shtewi fúnra rẹ̀ gbà láti wà á!" ni Bàbá Rakan wí. "Mi ò fi ìbọn sí i lọ́rùn."

Kò yẹ kó sọ ìyẹn. Àwọn àgbà tó bá a wá gan-an wolẹ̀.

Alájì Freih nawọ́, ó ń fọwọ́ wá ife tó wà níwájú agbẹnusọ títí ó fi bá a. Ó gbé e. "Kọfí yìí ti tutù," ó wí, ó sì dà á sínú iyanrìn. Kò pàṣẹ pé kí wọ́n bu òmíràn.

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sìn wọ́n dé ìta.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ká àgọ́ nígbà tí ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ dé, ara Bedu, àwọn darandaran aṣálẹ̀, òtútù ti la ètè rẹ̀. Sweilem ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ta tíì ní ìsàlẹ̀ Naqab, lẹ́bàá ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró. Ó kí arúgbó, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mufleh nítorí pé àga ibẹ̀ ló ṣófo.

"Ṣé ìbátan olóògbé ni yín?"

"Àna mi ni."

"Ó yẹ kí n ti wá. Ojú ló ń tì mí pé mo wà láàyè." Sweilem ń fọwọ́ ra orúnkún. "Ọkọ̀ pọ̀ lórí ìlà lárọ̀ yẹn. Bọ́ọ̀sì àwọn olùkọ́ wà ńbẹ̀, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù kan. Fèrè ọkọ̀ la gbọ́ láti òkè, ó ń dún, kò dákẹ́. A kọ́kọ́ rò pé aláfojúdi kan ni. Ìgbà tó yọ ní kọ́nà la mọ̀. Gbogbo èèyàn sá, bọ́ọ̀sì yà bọ́ sínú yanrìn. Fèrè yẹn ń dún títí ó fi di pé kò ní ohùn mọ́, ó wá ń ṣe bí ẹni tó ń mí. Ìgbà yẹn ló yà, tó kọrí sí ògiri òkè."

Mufleh di apá àga mú. Ó dìde, ó wọnú ilé lọ.

Fidda wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó dúró, orí rẹ̀ kan ògiri. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Fèrè yẹn," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. "Fèrè tó di pé kò ní ohùn mọ́. Kí ló fà á?"

Ó ṣe Mufleh bíi pé kó purọ́. Irọ́ tó rọrùn pọ̀ ńlẹ̀. Ó lè ní fèrè bàjẹ́ ni, tàbí pé ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́.

"Afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń lò," ó wí. "Bíréèkì àti fèrè. Nínú táńkì kan náà ni, lára ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó yé mi dáadáa."

"Bó bá ń fọn fèrè, ó ń ná an ni. Gèéjì wà níwájú rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Ó lè fi tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá lẹ́ẹ̀mejì."

"Ǹjẹ́ ì bá dúró?"

"Kò lè dúró. Ṣùgbọ́n èmi ì bá tẹ̀ ẹ́, Fidda. Kò sí dírẹ́bà tí kò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́."

"Kò wá tẹ̀ ẹ́."

"Ó fi fọn fèrè."

Fidda kò sunkún. Ó fara sùn mọ́ ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Níta, wọ́n ti ń tú okùn àgọ́, àwọn irin ń ró.

"Ìyẹn ni pé ó mọ̀," ó wí, "láti òkè."

"Ó mọ̀."

Fidda nawọ́ fa àwo búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí àwọn obìnrin gbé sílẹ̀ fún un, èyí tí kò fọwọ́ kàn láti àárọ̀. Ó ya á sí méjì, ó na ìdajì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ jẹun. Ẹ bá bàbá ọkọ mi lọ sílé ẹjọ́ lọ́la, ẹ sọ tọ̀bẹ, ẹ sọ tàwọn bóòtì. Ẹ má yọ ọ̀kankan sílẹ̀." Ó bu búrẹ́dì tirẹ̀ sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ láìwo ibì kan. "Bí mo bá jáde ní tàkàbá opó yìí, èmi fúnra mi á wá sọ ti fèrè."